Ewì Tó Bára Mu Lẹ́nu Ìyá Rẹ̀

Inú ń bí mi títí di òní, èmi fúnra mi ni mo sì ń bínú sí jù.

Nígbà SAP, tí owó náírà já wálẹ̀ tí iléeṣẹ́ ń kógbá sílé, iléeṣẹ́ bàtà rọ́bà kan ní Sango ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan ò lè kọjá kí wọ́n má lé èèyàn. Lọ́jọ́ kan, ìyá mi gbé oúnjẹ wá fún mi láti Ọ̀tà, wọ́n sì fi èdè Àwórì tí a fi tọ́ wọn kí ọ̀gá wa, ọmọ Ọ̀yọ́. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Oko wo ni wọ́n ti mú màmá yìí wá?" Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo délé, mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa sọ̀rọ̀ bí ará ìlú. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n lé mi ni?"

Oṣù mélòó kan kọjá. Bàbá ará Ṣáínà kan ló ń bá wa tún ẹ̀rọ ṣe, ó sì máa ń kọ nǹkan sínú ìwé tá a bá ń sinmi lọ́sàn-án. Mo bi í léèrè. Ó fi pijin ṣàlàyé pé òun ń wá bí àwọn baba ńlá wọn ṣe ń pe ọ̀rọ̀ láyé ijọ́un.

Mo ní, "Ta ló wà níbẹ̀ tó máa sọ fún yín?"

Ó ní ewì ni. Ó yẹ kí ìparí ìlà wọn dún bákan náà, àmọ́ kì í rí bẹ́ẹ̀ mọ́ lẹ́nu ará olú-ìlú wọn. Tí ìyá òun lábúlé bá kà á, ó ń bára mu, torí ètè ìyá náà ṣì ń padé níparí àwọn ọ̀rọ̀ kan tí ará olú-ìlú ń lanu sílẹ̀ fún. Àwọn ará Kòríà, tí wọ́n ti yá ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn tipẹ́, náà ń pa ètè dé níbẹ̀.

Ó ní, "Wọ́n ń fi ìyá mi ṣe yẹ̀yẹ́. Òun ló sì bá wa tọ́jú ohùn àtijọ́ náà."

Ọ̀gá wa tó jẹ́ àlejò ń pe ìyá mi ní ará oko, lórí ilẹ̀ tí àwọn baba ìyá mi ti ń dáko kí iléeṣẹ́ tó dé, èmi sì ń bá a rẹ́rìn-ín. Ẹni tó sọ ilé nù, ó so àpò ìyà kọ́.

Mo ra ìwé lọ́jọ́ náà, mo sì bẹ ìyá mi pé kí wọ́n kọ orin tí ìyá wọn fi ń rẹ̀ wọ́n lẹ́kún lọ́mọdé, kí n lè kọ ọ́ sílẹ̀.

Wọ́n jókòó dáadáa, wọ́n sì rọra kọ ọ́ tán bí ẹni ń ka ìròyìn lórí rédíò. Kò sí ẹyọ ọ̀rọ̀ Àwórì kan níbẹ̀.

Wọ́n wò mí lójú. "Ṣé ó dáa báyìí? Wọn ò ní lé ẹ?"