Fítámìn Inú Ògì

Ẹ̀jẹ̀ kì í dúró de ènìyàn nínú ooru. Bí mo bá fà á ní Oǹdó, inú yìnyín ló gbọ́dọ̀ wà títí màá fi gbé e dé yàrá àyẹ̀wò wa ní yunifásítì ní Àkúrẹ́. Bó bá gbóná lọ́nà, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ìdí nìyí tí mi ò fi ń ní sùúrù lọ́jọ́ tí mo bá gbé kúlà jáde.

Bàbá tí mo lọ bá ní Oǹdó lọ́jọ́ kan ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí ní Alágbàká ní Àkúrẹ́, kí àrùn mótò niúrọ́ọ̀nù tó mú un. Àrùn náà máa ń pa àwọn fọ́nrán tí ọpọlọ fi ń rán ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ahọ́n níṣẹ́. Ọwọ́ bàbá ti kú, ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu rẹ̀. Ojú nìkan ló kù. Bó bá di ojú, bẹ́ẹ̀ ni ló wí. Bó bá ranjú, rárá ni. Ohun tí mo ń wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn irú rẹ̀ ni àmì pé ara ń jẹ ara rẹ̀, bí irin ṣe ń dógùn-ún. Fítámìn Sí máa ń bo àmì náà mọ́lẹ̀, mo sì ti bẹ bàbá àti ìyàwó rẹ̀ kí wọ́n dá fítámìn náà dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó wá fa ẹ̀jẹ̀.

Mo so rọ́bà mọ́ ọn lápá. “Màmá, ẹ ò fún wọn ní fítámìn kankan?”

“Rárá o, dókítà.” Ìyàwó rẹ̀ ló dáhùn. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ ló ti ń taṣọ kó tó tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ wálé sí Oǹdó, kò sì sí ẹni tí kò lè fẹnu mú.

Bàbá ranjú mọ́ mi. Mo rò pé abẹ́rẹ́ ló ń bà á lẹ́rù. Mo ń fọwọ́ wá iṣan, ó tún ranjú, omi lé ròrò sí i lójú.

“Bàbá, ṣé wọ́n fún yín ni?”

Ó di ojú.

Mo tú rọ́bà dànù. “Màmá, ẹ wo ọ̀nà tí mo ti wá! Irọ́ ni ẹ̀jẹ̀ yìí máa pa fún wa. Àbí kí n yọ wọ́n kúrò nínú iṣẹ́ ìwádìí yìí ni?”

Ó bú sẹ́kún. “Ojoojúmọ́ ni mo ń lọ̀ ọ́ sínú ògì wọn. Ṣé kí n kàn jókòó máa wò wọ́n ni? Òun nìkan ló kù tí mo lè ṣe fún wọn. Ẹni tó kàn ló mọ̀ o!”

Inú ń bí mi sí i, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí.

Mo bi bàbá bóyá kí n yọ ọ́ kúrò. Ó ranjú. Mo bi í bóyá kí wọ́n dá fítámìn náà dúró ní tòótọ́, kí n padà wá. Ó di ojú, kò tètè là á. Ìyàwó rẹ̀ wá jẹ́wọ́ pé èérún fítámìn máa ń há a lọ́fun, á sì wúkọ́ títí ojú rẹ̀ á fi pọ́n.

“Ọ̀sẹ̀ méjì,” ni ó wí. “Ta ló sọ fún yín pé ẹ ó bá wọn láyé?”

Mo gbé kúlà mi, mo padà sí Àkúrẹ́.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé tí mo padà dé, mo bá bàbá láyé, àmọ́ ó ti rù sí i. Mo bi í bóyá wọ́n fún un ní fítámìn, ó ranjú. Ọkàn mi ò balẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi kún ìgò kékeré náà, tí mo tì í bọ yìnyín.

“Ṣé ẹ ti ṣe tán? Ṣé mo lè fún wọn báyìí?” Ògì ti wà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó ti lọ fítámìn sí i.

Mo bi bàbá bóyá ó fẹ́ ẹ. Ó ranjú mọ́ mi. Lẹ́yìn náà ó wo ìyàwó rẹ̀, tó ti bu ògì sínú ṣíbí, ó sì la ẹnu.