Pọ́ùn Mẹ́ta Tó Kù Fún Tobin

Ọdún kejìdínlógún rèé tí Orville Penner ti ń ṣe àbójútó yàrá irin ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan ní Kansas. Àwọn tó ń gbá bésíbọ́ọ̀lù ló ń gbé irin níbẹ̀ kí ara wọn lè lágbára. Ní kùtùkùtù, á ti nu gbogbo irin, á wá máa fi ẹ̀pà lílọ̀ ra búrẹ́dì fún wọn bí ẹni ń rẹ́ ilé. "Ẹni tí kò bá jẹun," a máa wí, "irin ni yóò jẹ ẹ́."

Òun náà rí tín-ín-rín nígbà èwe. Lọ́dún 1981, wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù torí pé ara rẹ̀ kò tó. Ó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta kí Ọlọ́run lè fún un ní ara. Ààwẹ̀ náà tún mú un rù sí i ni. Ó ti di díákónì báyìí, ó sì gba Olúwa gbọ́ tọkàntọkàn, àmọ́ ìbéèrè kan wà tí kò tíì bi ẹnikẹ́ni: ṣé Ẹni tó dá ọ̀run òun ayé a máa wo òṣùwọ̀n?

Tobin Wiebe, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà, ló jí ìbéèrè náà dìde lọ́dún yìí. Kò sí bọ́ọ̀lù tí í bọ́ lọ́wọ́ Tobin, ṣùgbọ́n tó bá gbá tirẹ̀, kì í jìnnà. Garrity, kóòṣì àgbà, ti là á mọ́lẹ̀: bí Tobin kò bá tó ọgọ́jọ pọ́ùn ní Jímọ̀ tó kẹ́yìn oṣù Kejì, kò ní bá ẹgbẹ́ rìnrìn-àjò.

Jímọ̀ náà pé. Orville kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gun òṣùwọ̀n láìgbàdúrà. Gbogbo wọn tò, Tobin ń ti ẹsẹ̀ kan bọ́ sí ìkejì, ikùn rẹ̀ le gbandi.

"Ẹ wo Wòlíì Tobin, ẹ̀mí ti ń gbé e!" Dax ló sọ bẹ́ẹ̀, ọmọkùnrin fìrìgbọ̀n tó máa ń lóṣòó gba bọ́ọ̀lù.

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́, jàre," Tobin dá a lóhùn.

Orville bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ó dúpẹ́ fún àlìkámà, ó dúpẹ́ fún orúnkún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó ń dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàmín!" Tobin bẹ̀ ẹ́.

"Fara balẹ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orí àwọn míṣọ́nnárì ni."

Tobin ta kìjí, ó di ilé ìtọ̀. Ẹ̀rín bú.

"Odindi gálọ́ọ̀nù omi ló dà sínú kó lè wúwo!" Dax ń pariwo.

Nígbà tó padà dé tó gun òṣùwọ̀n, mẹ́tàdínlọ́gọ́jọ ló kà.

"Kóòṣì, pọ́ùn mẹ́ta péré ni. Ẹ ṣáà kọ ọgọ́jọ."

Bírò Orville dúró lórí ìwé. Ó rántí 1981. Ta ni yóò mọ̀?

"Ọmọ mi, mi ò lè kọ ohun tí òṣùwọ̀n ò sọ."

"Gbogbo àdúrà yẹn wá ńkọ́?"

Orville tẹ bírò mọ́ ìwé. Ó kọ mẹ́tàdínlọ́gọ́jọ. Lábẹ́ rẹ̀, ó kọ ìwọ̀n irin tí Tobin ń gbé ní oṣù Kẹsàn-án tó kọjá àti èyí tó ń gbé báyìí, ó sì mú ìwé náà tọ Garrity lọ.

"Ọgọ́jọ ni mo wí, Kóòṣì Penner."

"Mo gbọ́. Ẹ wá fojú ara yín rí i ná kí ẹ tó yọ ọ́."

Tobin gbé irin tó wúwo ju ara rẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì lé èjìká. Ó lóṣòó, ó dìde. Dax ló ń kà á: "Ẹyọ kan! Méjì! Dìde, ìwọ igi ìṣáná yìí! Mẹ́ta!"

Garrity họ ọrùn. "Ara ni mo ń wá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gbé e pamọ́ sí. Tobin, aago mẹ́fà òwúrọ̀ ọ̀la ni bọ́ọ̀sì ń gbéra. Má mumi kó o tó wọ bọ́ọ̀sì o."

Nígbà tí gbogbo wọn ti tú ká, Orville ń nu irin. "Olúwa," ó ní, "ṣé ìwọ ni, àbí ẹ̀pà lílọ̀?"

Ó gbé irin tó kẹ́yìn sípò. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ṣàmín, ó sì ṣí agolo ẹ̀pà mìíràn nítorí ìrìn-àjò ọ̀la.