Àyè Elégbè Tí Mo Gbà

Wákà ni ọmọ mi obìnrin ń kọ. Láti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti ń kọ ọ́ níbi wólímọ́tù àti níbi tí wọ́n bá ti ń kí àwọn tó ti Mẹ́kà dé, láti Gàmbàrí títí dé Ọjà-Ọba ní Ìlọrin. Bó ṣe máa ń rí nìyí: yóò dá ẹsẹ kan, elégbè rẹ̀ yóò gbè é, gbogbo agbo yóò sì gbà á lẹ́nu elégbè. Bó bá kọrin fún wákàtí kan, òun fúnra rẹ̀ kì í kọ ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Mo ti fi aago wò ó. Ìyókù, ẹnu ará ilé àti ẹnu àlejò ló ń gbé e.

Ó ku oṣù mẹ́ta kí a rìnrìn àjò lọ sí Ìlú Ọba ni dókítà fi tọ́ọ̀ṣì wo ọ̀fun rẹ̀, tó ní ibi tí ohùn ti ń jáde ti wú. Ó ní ó lè máa kọrin, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dá orin kọ pẹ́. Bó bá fipá mú un, ohùn náà lè lọ láìpadà. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo fi ọjọ́ sí i.

Àwọn tó pè é wá kọrin níbẹ̀ ní ẹni méjì péré làwọn lè gbà: akọrin àti ẹnì kan tí yóò bá a wá. Ọmọ mi ní elégbè òun ni, obìnrin tó ti ń gbè é fún ọdún mẹ́jọ. Mo ní rárá, èmi ni. Nínú òtútù yẹn, ta ni yóò rántí omi gbígbóná àti oyin rẹ̀? Nígbà tí elégbè gbọ́, ó rẹ́rìn-ín.

“Ìyá, ẹ̀yin lẹ máa wá gbè é nìyẹn. Ẹ yáa tètè tún ọ̀fun yín ṣe.”

Mo dá a lóhùn pé kò sí ibi tí ará Ìlọrin ò sí, pé ibi tí a bá sì wà, ègbè ò ní wọ́n níbẹ̀. Mo gbà á gbọ́. N kò rí agbo wákà tó dákẹ́ rí.

Nílé, orí ẹní la máa ń jókòó sí yí i ká. Ó ń rí ojú wa. Nínú gbọ̀ngàn tó ti kọrin ní Ìlú Ọba, wọ́n kan àga mọ́lẹ̀ ní ìlà mẹ́rìnlá, wọ́n pa iná orí wa, wọ́n tan ti orí rẹ̀. Òyìnbó ló pọ̀ jù. Àwọn ará ilé tí mo rí kò pé mẹ́wàá, ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n wà. Ọkùnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ti kìlọ̀ fún wa pé kí ẹnikẹ́ni má pariwo.

Ó dá ẹsẹ àkọ́kọ́, ó dúró. Kò sẹ́ni tó gbà á. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún akọrin nìyẹn. Obìnrin tó jókòó tì mí ń nu omijé. Máíkì wà, ṣùgbọ́n máíkì kì í gbe orin. Ọmọ mi fúnra rẹ̀ ló gbè é. Ẹsẹ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ní ẹsẹ kẹta, mo gbọ́ ohun tó ń ha lábẹ́ ohùn rẹ̀, bí ìgbà tí ṣíbí bá ń ha ìdí ìkòkò.

Mo la ẹnu, mo gbà á. Ohùn mi nìkan ló jáde. Àwọn tó wà níwájú yí ojú padà. Ọkùnrin ẹnu ọ̀nà wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fi ìka kan lé ètè. Mo dákẹ́.

Ìṣẹ́jú márùndínlọ́gọ́ta ló fi dá a kọ. Wọ́n dìde dúró, wọ́n pàtẹ́wọ́ pẹ́. Ó fẹ́ dúpẹ́, èémí lásán ló jáde.

Oṣù méje nìyí. Dókítà kò sọ pé ohùn rẹ̀ yóò padà mọ́. Elégbè rẹ̀ ló ń lé orin báyìí. Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n ń ṣe wólímọ́tù ní agboolé kejì, ègbè sì ń bọ̀ láti orí ògiri. Ọmọ mi ń ṣa ẹ̀wà, ètè rẹ̀ ń mì. Mo ní kó mu omi rẹ̀. Ó sọ nǹkan, mo ní láti sún mọ́ ọn kí n tó gbọ́.

“Ìyá, ẹ̀yin nìkan lẹ gba orin yẹn níbẹ̀. Mo gbọ́ yín. Kí ló dé tí ẹ dákẹ́?”

Mo ní ọkùnrin ẹnu ọ̀nà ló ní kí n dákẹ́. Òótọ́ sì ni. Ó mi orí, ó ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ.