Etí Bàbá Tímótì àti Kẹ̀kẹ́ Tí Kò Dún

Bí ẹ bá dé Ìkìrun, wọ́n á sọ fún yín pé olóògbé Tímótì Jọláyẹmí gun kẹ̀kẹ́ kan láti Inísà dé Ìlá láì sọ̀kalẹ̀. Ẹ má gbà wọ́n gbọ́. Òkukù ló gùn ún dé, ó sì sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, nítorí ewúrẹ́ kan tó kọ̀ láti yà fún un.

Adéọlá, ọmọ Inísà tó ń gbé ní Jámánì, ló gbé kẹ̀kẹ́ náà wálé nínú páálí. Táyà rẹ̀ sanra ju ti ọ̀kadà lọ. Ó fẹ́ máa gùn ún ní àwọn ọ̀nà oko tó lọ sí Òkukù, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ tó ti kú kò gun kẹ̀kẹ́ kankan rí tí Bàbá Tímótì kò kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Òun náà kò fẹ́ ba àṣà ilé wọn jẹ́.

Ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni Tímótì ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Etí ló fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe ojú. Yóò fi sípánà kan irin rẹ̀ níbi mẹ́ta. Èyí tó bá dún gooro, ó yè. Èyí tó bá dún pòkò, ó ti sán nínú. Kò sì yí ìdájọ́ rẹ̀ padà rí. Ó sọ fún olùkọ́ ìjọ kan ní Ẹkọ Ẹndẹ pé kẹ̀kẹ́ tuntun tó rà ti sán. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó gùn ún lọ. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti ń gbé e bọ̀ léjìká. Tímótì kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn bi í pé, “Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ló gun ta?”

Nígbà tí kẹ̀kẹ́ Adéọlá dé iwájú rẹ̀, ó tẹ orúnkún, ó di ara mú bí ẹni tó fẹ́ gbé àpò kòkó, ó sì gbé e. Díẹ̀ ló kù kó ṣubú sẹ́yìn. Ìka méjì péré ló fi gbé e dúró lókè, ó ń wò ó, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Adéọlá.

“Ó dáa. Ìyókù rẹ̀ dà?”

Ó mú sípánà. Ó kàn án: pòkò. Ó tún un kàn: pòkò. Ẹ̀ẹ̀kẹta, bí ẹni tó ń kan igi ìbẹ́pẹ.

“Ó ti sán.”

“Níbo, Bàbá?”

“Níbi gbogbo.”

Adéọlá ṣàlàyé pé kì í ṣe irin, kábọ́ọ̀nù ni. Wọ́n hun ún bí aṣọ, wọ́n fi gọ́ọ̀mù sí i, wọ́n sì yan án títí ó fi le.

“Aṣọ tí wọ́n yan lo fẹ́ gùn lọ sí Òkukù?”

Àwọn tó dúró níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Adéọlá bẹ̀rẹ̀ sí í wá páálí rẹ̀. Ẹ̀rínọlá, ọmọ Tímótì obìnrin, ló rọra sọ pé, “Bàbá, ohun tí kì í ṣe irin, ṣé ó yẹ kó dún bí irin?”

Tímótì wo kẹ̀kẹ́ náà. Bí kẹ̀kẹ́ náà bá yè, ọ̀rọ̀ tó ti ń sọ láti ọdún mọ́kànléláàádọ́ta máa di ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn. Bí ó bá sì sán lóòótọ́, ọmọ ọlọ́mọ ni yóò gbé ṣubú. Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè.

“Ẹ jẹ́ kó kán mọ́ èmi lábẹ́.”

Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni, ṣùgbọ́n ó gùn ún, ó kọrí sí Òkukù. Adéọlá gun ẹ̀yìn ọ̀kadà Matthew, ọlọ́kadà kan tó dúró níbẹ̀, wọ́n tẹ̀ lé e. Nínú iyanrìn etí odò, níbi tí gbogbo ènìyàn ti máa ń ti kẹ̀kẹ́ wọn, táyà ńlá yẹn kọjá bí ẹni ń rìn lórí ẹní. Níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ olókùúta, ọ̀kadà kọ̀, Adéọlá sọ̀kalẹ̀ tì í. Bàbá ti lọ.

Etí Òkukù ni wọ́n ti bá a. Ó jókòó ti kẹ̀kẹ́ náà, ó ti ṣí fìlà.

Adéọlá ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Ó ti rẹ̀ yín.”

“Kò rẹ̀ mí. Mo ń bọ̀wọ̀ fún un ni.”

Nígbà tí wọ́n padà dé Inísà, ó dúró níwájú gbogbo àwọn tó ti bá a rẹ́rìn-ín. “Kẹ̀kẹ́ yìí yè. Èmi ni mo ṣì í gbọ́.” Wọn ò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí.

Ẹ̀rínọlá rò pé iṣẹ́ bàbá òun parí lọ́jọ́ yẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ènìyàn ṣì ń wá, kódà nígbà tí etí Bàbá ti di gan-an, ní oṣù tó kẹ́yìn ayé rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Matthew ti ọ̀kadà rẹ̀ dé. Ẹ̀rínọlá yẹ̀ ẹ́ wò yíká.

“Kí ló ṣe é?”

“Kò ṣe nǹkan kan, Àǹtí. Mo kàn fẹ́ gbọ́ lẹ́nu Bàbá pé ó yè ni.”

Ó lọ gbé àga wá fún bàbá rẹ̀. Arúgbó náà kan irin, ó tẹ́tí, ó pẹ́ gan-an kó tó gbé orí sókè. Matthew dúró dè é, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn.