Àsíà Mẹ́ta Lẹ́nu Ìsọ̀ Zakariyah

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Zakariyah, ṣùgbọ́n ó ti lo ọdún méjìlélógún nídìí iṣẹ́ télọ̀ ní Gariki, nílùú Enugu. Kò lẹ́nu bíi ti àwọn méjì tó máa ń wá jókòó sí ìsọ̀ rẹ̀ nírọ̀lẹ́, Yàhàyá aránbàtà àti Lékè òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì. Àwọn yẹn á máa pín ayé bí ẹni ń pín ẹran Iléyá. Lékè á ní Amẹ́ríkà ṣì ni baba, pé àwọn ló jẹ́ kí ayé lófin. Yàhàyá á ní òfin wo, òfin tí wọn kì í fi de ara wọn? Ó ní ó kan Ṣáínà àti Rọ́ṣíà báyìí, kí kálukú lè jọba nílé ara rẹ̀.

“Àlùfáà, ẹ dá sí i,” ni wọ́n á wí.

“Ẹni tó bá wù ú kó jọba,” ni Zakariyah á dáhùn. “Ẹ sáà má dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ mi lójú.”

Ní oṣù keje, Edith, olùkọ́ kan láti àdúgbò Maryland nínú Enugu níbẹ̀, kó aṣọ wá. Àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀ fẹ́ ṣeré ìpàdé àwọn olórí ayé, ó sì fẹ́ àsíà Amẹ́ríkà, ti Ṣáínà àti ti Rọ́ṣíà. Ti Nàìjíríà ti wà nílé ìwé. Zakariyah gé ìràwọ̀ títí ọrùn fi ń ro ó. Ìgbà tó ṣe tán, ariwo ìwọ́de ebi gba ìlú, wọ́n ti ilé ìwé, Edith ò yọjú, fóònù rẹ̀ ò sì lọ.

Ọ̀gá tó kọ́ Zakariyah níṣẹ́ ti kọ́ ọ pé aṣọ tí olówó rẹ̀ ò bá wá gbà, ìta là ń fi í kọ́ sí, kó lè rí i bó bá ń kọjá, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé télọ̀ gbé e pa mọ́. Ó bá fi àsíà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ́ síta.

“Bàbá Mùjídàt, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó nǹkan yìí wọlé,” ni Sàbúrátù ìyàwó rẹ̀ wí. “Àwọn kan gbé ti Rọ́ṣíà jáde lókè ọya, ọlọ́pàá ti ń kó wọn.”

“Ṣé èmi ni mo ni í? Ta ni ò mọ̀ pé télọ̀ ni mí?”

Àwọn tí ò mọ̀ dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta. Agbófinró mẹ́rin ni wọ́n, tìbọntìbọn.

“Na who send you?” ni ọ̀gá wọn bi í.

Ó dárúkọ Edith, ó pè é, kò lọ.

“Which one you dey support?”

Zakariyah wo àsíà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò mọ èyí tó lè gbà á. Yàhàyá tó ti ń fi Rọ́ṣíà búra láti ọdún mẹ́ta tẹjú mọ́ bàtà tó ti rán tán.

“Télọ̀ lásán ni mí, sà.”

“Wia Nigeria own?”

“Wọn ò ní kí n rán an, sà,” ló wí, ẹ̀rù ò jẹ́ kó rántí pijin mọ́. Nígbà tí ẹnì kan túmọ̀ rẹ̀, ọ̀gá wọn rọra kọ ọ́ sílẹ̀.

Wọ́n kó àsíà, wọ́n sì gbé máṣíìnì rẹ̀ pé ẹ̀rí ni. Máṣíìnì kan ṣoṣo tó ń bọ́ ilé rẹ̀! Ó sáré tẹ̀ lé mọ́tò wọn, ó ń bẹ̀bẹ̀. Ta ni ì bá tún bẹ̀? Amẹ́ríkà ò mọ̀ ọ́n, Ṣáínà àti Rọ́ṣíà ò gbọ́ orúkọ Gariki rí.

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ní kó wá sí àgọ́ wọn. Ó ti lọ lọ́jọ́ Ajé mẹ́fà, ó ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí ilẹ̀ á fi ṣú. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà ti kọjá agbára àwọn. Lọ́jọ́ Ajé keje, wọ́n na ìwé kan sí i pé kó fọwọ́ sí i kó tó lè rí máṣíìnì rẹ̀: pé òun rán àsíà orílẹ̀-èdè àjèjì mẹ́ta, òun ò sì rán ti Nàìjíríà. Zakariyah kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó wá irọ́ inú rẹ̀ tì, ó sì fọwọ́ sí i.