Àpótí Aṣọ Mi àti Ọjọ́ tí A Wá Dúpẹ́ Tì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, okun o, bí a ti ń kíni nílẹ̀ wa! Ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nítorí pé mo fẹ́ tọ́jú aṣọ. Aṣọ lásán o! Ó ti pẹ́ gan-an, a kò tíì gba òmìnira nígbà náà, ṣùgbọ́n ó dà bí àná lójú mi.

Kábà là ń gbé. Tíṣà ni ọkọ mi, ilé ìyá rẹ̀ la sì wà. Iye ni gbogbo wa ń pe ìyá náà, bí wọ́n ti ń pe ìyá nílẹ̀ wa. Lẹ́yìn tí mo bí Dúpẹ́, àkọ́bí wa, ọkọ mi ra maṣíìnì ìránṣọ ọlọ́wọ́ fún mi kí n má baà máa jókòó lásán. Lásán kẹ̀? Ẹni tó ń tọ́mọ a máa jókòó lásán? Ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣọ.

Ká tó wí ká tó fọ̀, aṣọ ti gba ilé. Àwọn òbí ń kó kàkí wá fún yunifọ́ọ̀mù ọmọ wọn. Àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó ń mú àrán wá. Èmi náà kò mọ́wọ́ dúró! Bí mo bá dé ọjà tí mo rí àǹkárá tó wù mí, àfi kí n ra ọ̀pá díẹ̀ pa mọ́. Ṣé ẹ mọ àìsàn yẹn? Ẹ má purọ́ o! Aṣọ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, aṣọ wà nínú agbọ̀n, aṣọ wà lórí okùn. Àjákù aṣọ kún inú àpò dé ẹnu. Ọkọ mi ní tó bá yá, kíláàsì lòun yóò máa sùn.

Ibẹ̀ ni eku ti bímọ sínú kàkí ọmọ iléèwé. Kò pẹ́ sígbà náà, ikán gba abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọlé, ó sì jẹ àrán ìyàwó kan láti ìsàlẹ̀ dókè. Ẹkún ni mo fi bẹ ọmọbìnrin náà.

Ni ọkọ mi bá ránṣẹ́ pe káfíńtà kan ní Ìkòyí, ní ìhà Ìjùmú. Ọkùnrin náà kan àpótí ìrókò ńlá kan fún mi. Ó ṣe ẹsẹ̀ sí i, a sì ki ẹsẹ̀ náà bọ inú agolo tó ní kẹrosíìnì kí ikán má baà rí ọ̀nà gùn ún. Ìdérí rẹ̀ bá ẹnu rẹ̀ mu rẹ́gí. Ó wá fi irin kan sí i níwájú: bí ìdérí bá ti padé, irin náà á bọ́ sínú ihò rẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹni tó wà níta nìkan ló sì lè ṣí i. Eku wo ló fẹ́ wọ ibẹ̀?

Iye rìn yí àpótí náà ká. Ó ní, "Ìyàwó, àpótí yìí mà gùn o. Aṣọ nìkan lẹ fẹ́ kó sí i?" Mo mọ ohun tó rò: pósí. Kò kàn fẹ́ fi ẹnu rẹ̀ sọ ọ́ ni.

Ṣùgbọ́n inú mi dùn! Mo to kàkí sí ìsàlẹ̀ pátápátá, populíìnì sí àárín, àrán àti àǹkárá sókè, mo sì fi káńfọ̀ sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ẹ bá dì mí lójú, mo lè mú aṣọ tí ẹ bá dárúkọ.

Ìgbà tí ọdún ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ń sún mọ́lé ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn mi. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo kó gbogbo aṣọ òkè àti ti àárín sórí bẹ́ẹ̀dì láti gé, ó wá ku kàkí nìkan nínú àpótí. Dúpẹ́ ń ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò tíì tó wọ iléèwé, torí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì lè gba orí kan etí. Bójúbójú ni eré tó fẹ́ràn jù láyé.

Mo gbọ́ fèrè lọ́rì níta. Oníbàárà mi kan tí ń gbé Mopa, tó wá nájà ní Kábà, ló ní kí dírẹ́bà dúró kóun kó ẹrù aṣọ àwọn ọmọ òun sílẹ̀ fún mi. Mo sáré jáde. A kí ara wa, a béèrè ilé, a béèrè ọmọ, a béèrè oko. Ẹ ṣáà mọ̀ wá! Dírẹ́bà fun fèrè lẹ́ẹ̀kan sí i, obìnrin náà gòkè, wọ́n lọ.

Nígbà tí mo wọlé, àpótí ti wà ní dídé. Mo rò pé èmi ni mo pa á dé. Ta ni í rántí irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Mo gbé ẹrù ará Mopa lé àpótí lórí, mo ní Dúpẹ́ á ti bá àwọn ọmọ lọ ṣeré, mo sì jókòó ti maṣíìnì.

Ó ṣe díẹ̀, mo gbọ́ tí nǹkan ń ha pákó. Mo dá ọwọ́ dúró. Ó tún ha á. Mo ní, "Ẹ̀yin eku yìí, ẹ tún ti dé!" Mo bọ́ bàtà ẹsẹ̀ mi, mo fi lu ẹ̀gbẹ́ àpótí náà gbà, gbà, gbà! Ó dákẹ́. Inú mi dùn. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí? Inú mi dùn!

Nígbà tí ẹ̀wà jinná, mo pe Dúpẹ́. Kò dáhùn. Mo yọjú sẹ́yìnkùlé, kò sí níbẹ̀. Mo lọ sí yàrá Iye, Iye ní òun kò rí i. Mo lọ sílé kejì, mo lọ sídìí igi máńgòrò tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré. Wọn kò rí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pe ọmọ yín rí tí kò dáhùn, ẹ mọ ohun tó ń wọ inú ara ènìyàn. Ó tutù bí omi òjò.

Ẹnìkan kígbe pé lọ́rì kan dúró níhìn-ín láàárọ̀! Ẹlòmíràn ní àwọn gbọ́mọgbọ́mọ ń rìn lásìkò yìí. Wọ́n lọ pe ọkọ mi wá láti iléèwé. Ó fo sórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó gba ọ̀nà Mopa lọ.

Àwọn tó kù yí kànga agboolé wa ká. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan so okùn mọ́ ìdí, wọ́n sì rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Ó ké láti ìsàlẹ̀ pé òun fọwọ́ kan nǹkan tó rọ̀. Mo jókòó sínú ẹrẹ̀. Wọ́n fà á sókè. Àkísà ni! Àkísà tó ti jábọ́ síbẹ̀ tipẹ́. Iye ń káwọ́ lórí, ó ń pe orúkọ Ọlọ́run.

Ìró mi ti tú, ó sì ti rin gbingbin. Obìnrin kan ní kí n wọlé lọ mú òmíràn. Mo wọ yàrá. Bí mo ti bẹ̀rẹ̀ mú ìró, mo rí kàkí tó wà wúruwùru láàárín àpótí àti ògiri.

Kàkí? Ta ló kó kàkí síta? Èmi kọ́! Bí kàkí bá wà nílẹ̀, kí ló wà nínú àpótí?

Ẹ̀yin ènìyàn mi, n kò mọ bí mo ṣe ta ẹrù ọ̀hún nù. Irin náà kọ̀, kò ṣí. Èékánná mi ya kó tó gbà. Mo gbé ìdérí sókè. Òórùn káńfọ̀ gbá mi lójú. Dúpẹ́ wà níbẹ̀, ó ká jọ bí ọmọ tuntun, òógùn ti bò ó bí ẹni tí wọ́n da omi lé lórí. Orí ìka rẹ̀ ti bó. Kò mira.

Igbe tí mo ké, wọ́n ní wọ́n gbọ́ ọ dé ọjà. Iye ló gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Ó gbé e síta sínú atẹ́gùn, ó fẹ́ èémí sí i lẹ́nu, ó wọ́n omi sí i lójú, ó ń pè é: "Dúpẹ́! Àbẹ̀ní! Má lọ o! Èmi ìyá bàbá rẹ ló ń pè ọ́. Padà o!" Àyà ọmọ náà ni mo tẹjú mọ́. Kò gbéra. Kò gbéra.

Ló bá sín!

Ó tún sín, ó wú ikọ́, ẹkún wá bú jáde. N kò gbọ́ orin kankan rí tó dùn tó ẹkún yẹn. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó wò mí, ó ní, "Mò ń pè yín, ẹ sì ń lu àpótí."

Mo gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, mo ń fẹ́ atẹ́gùn sí àwọn ìka tó bó náà.

Ẹ̀rù kò tíì tán o. A gbọ́ ìró lọ́rì tó ń bọ̀. Ọkọ mi ti bá wọn lọ́nà níbi tí wọ́n ti ń já èrò sílẹ̀. Dírẹ́bà náà ti tú gbogbo ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ títí kan àpò iṣu, ó ní kó wo ibi gbogbo. Nígbà tí wọn kò rí ọmọ, ó gbé kẹ̀kẹ́ ọkọ mi sórí lọ́rì, ó sì yí padà kí òun àtàwọn èrò rẹ̀ bá wa wá a. Ṣùgbọ́n àwọn ará ìta kò mọ̀! Bí wọ́n ti rí lọ́rì náà, wọ́n ti ń mú igi, wọ́n ń mú òkúta. Iye gbé Dúpẹ́ pọ̀n, ó sáré lọ dúró níwájú dírẹ́bà, ó na ọwọ́ méjèèjì. "Ọmọ ti dé! Ẹ sọ igi sílẹ̀! Inú ilé wa ló wà!"

Ọkọ mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé. Èmi kúnlẹ̀ fún dírẹ́bà. Ó fọwọ́ kan orí ọmọ náà, ó ní, "Ọlọ́run ṣeun, ìyá," lòun náà bá jókòó sórí àtẹ̀gùn lọ́rì rẹ̀.

Iye fẹ́ ká sun àpótí náà. Káfíńtà fúnra rẹ̀ wá láti Ìkòyí nígbà tó gbọ́. Ó yọ ìdérí, ó sọ irin náà sínú ṣálángá, ó gbé àpótí nàró, ó sì kan pákó sínú rẹ̀ ní ìpele ìpele. Mo ta kọ́tìnnì síwájú rẹ̀. Eku ń wọ ibẹ̀ nígbà mìíràn. Kí wọ́n máa wọ̀ ọ́!

Nítorí náà, ẹ̀yin tí aṣọ ń pọ̀ nílé yín, ẹ tò ó dáadáa, ẹ lé ikán, ẹ fi káńfọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ohun tó bá lè tì mọ́ ènìyàn, ẹ má jẹ́ kó wà níbi tí ọmọdé ń gbé. Bí ẹ bá sì gbọ́ tí nǹkan ń ha inú àpótí, ẹ ṣí i wò kẹ́ ẹ tó lù ú.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni ojú yín ti rí rí nínú ilé ara yín, níbi tí ẹ rò pé ewu kò sí? Ẹ sọ fún wa, ó lè gba ọmọ ẹlòmíràn là. Dúpẹ́ ti di ìyá ọmọ báyìí. Títí di òní olónìí, kì í ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ sùn.