Fìtílà Kan Kò Tíì Padà Sórí Ìkọ́

Kapitolina Zyryanova ti kú. Òtútù ló pa á nínú yàrá ara rẹ̀, ní Seidinsk wa yìí, ìlú tó ti ń wa èédú láti ìgbà ayé àwọn bàbá wa, èédú tó ń mú ilé onílé gbóná ní Ilẹ̀ Ńlá, bí a ṣe ń pe ìhà gúúsù lọ́hùn-ún. Oṣù kejì ló kú. Oṣù karùn-ún la wà yìí, oòrùn tó máa ń sá fún wa nígbà òtútù ti padà sójú ọ̀run, a ò sì tíì sin ín. Inú ahéré onípákó lẹ́yìn ọsibítù ló wà títí di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Kí ẹnikẹ́ni tó bá mi sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́: mo jowú obìnrin yìí. Gbogbo ọjọ́ ayé wa ni mo fi jowú rẹ̀, mi ò sì bẹ ẹnikẹ́ni pé kó má bínú. Kapa, bí gbogbo wa ṣe ń pè é, ló ń pín fìtílà fún àwọn awakùsà lẹ́nu ihò. Kò sí ọkùnrin tó lè wọ abẹ́ ilẹ̀ láìgba fìtílà lọ́wọ́ rẹ̀, Gayaz ọkọ mi pẹ̀lú. Èmi ni mò ń se pelmeni, ẹran tí a fi ìyẹ̀fun wé, èmi ni mò ń fọ aṣọ tí èédú ti bà jẹ́, ṣùgbọ́n ojú Kapa ni ọkọ mi ń rí gbẹ̀yìn kó tó wọ òkùnkùn, ojú Kapa náà ló sì ń kọ́kọ́ rí tó bá jáde. Èwo wá ni tèmi níbẹ̀?

Mo sin Gayaz dé ilé fìtílà láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí n lè fojú ara mi rí i.

"Kapa, èyí tó mọ́lẹ̀ jù ni kó o fún mi o," ni ọkọ mi wí. "Mo fẹ́ fi wá ọ̀nà ilé."

"Ọ̀nà ilé wo? Wo ojú ìyàwó ẹ lẹ́yìn ẹ níbẹ̀ yẹn, ṣé kì í ṣe iná ló ń jó lójú ẹ̀?" Kapa bú sẹ́rìn-ín. "Nuriya, fọkàn ẹ balẹ̀, jàre. Mi ò gbọkọ ẹ. Wọ́n ní ó ń hanrun."

Gbogbo àwọn ọkùnrin tó tò síbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín fẹ́ pa èmi náà, mo bá di ẹnu mi.

Àwa tí a dàgbà síbí mọ òfin ilé fìtílà. Fìtílà kọ̀ọ̀kan ló ní ìkọ́ tirẹ̀ lára pátákó. Bí ìkọ́ kan bá ṣófo, ẹni tó ni ín ṣì wà nísàlẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ lọ sílé, ì báà ṣe ọ̀gá. Lọ́jọ́ tí òrùlé ihò wó, gbogbo ìkọ́ ló kún àfi ti Gayaz. Ọ̀gá iṣẹ́ ọjọ́ náà ti wọ kóòtù, ó ti dé fìlà. Ó ní, "Kapa, tilẹ̀kùn ká máa lọ, ó ti tán."

Kapa ní, "Ìkọ́ Gayaz ṣófo. Jókòó."

Ọ̀gá náà sì jókòó! Wọ́n jọ jókòó síbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìgbàlà tó ń walẹ̀ láti yọ Gayaz ò sì lè dáwọ́ dúró nítorí wọ́n mọ̀ pé Kapa ò ní tilẹ̀kùn. Wọ́n gbé ọkọ mi jáde láàyè, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán. Ó sì tún lo ọdún púpọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ṣé ẹ mọ ohun tó ń dùn mí títí dòní? Pé Kapa ló kọ́kọ́ mọ̀ pé ó yè. Owú nìyẹn, mi ò lórúkọ míì fún un.

Nígbà tó yá, wọ́n ti ihò náà pa. Àwọn èèyàn ń kó lọ sí Ilẹ̀ Ńlá, búlọ́ọ̀kù ilé kan á ṣófo, òmíràn á tẹ̀lé e. Ilé-iṣẹ́ ìwakùsà ṣèlérí pé àwọn á kó Kapa wá sí àárín ìlú. Kí wọ́n tó kó o, wọ́n ti páìpù omi gbígbóná tó ń mú búlọ́ọ̀kù rẹ̀ móoru pa. Wọ́n ní ilé náà ti ṣófo. Ta ló lọ wò ó? Ta ló kan ilẹ̀kùn?

Mo pè é lórí fóònù lọ́jọ́ náà. "Wá sọ́dọ̀ mi," ni mo wí.

"Ọ̀dọ̀ ẹ? Kó o máa fojú owú wò mí lórí oúnjẹ? Mo dúpẹ́ o." Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. "Wọ́n ní wọ́n ń bọ̀ wá kó mi lọ́la, Nuriya. Ṣùgbọ́n ọ̀la tiwọn kì í mọ́."

Àfi bí ìjì yìnyín ṣe dé. Ojú ọ̀nà dí, fóònù kú. Nígbà tó rọlẹ̀, èmi àti Prokop, àgbà awakùsà, la fi ṣọ́bìrì kó yìnyín lọ́nà dé ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀. A bá a lórí àga nínú kóòtù rẹ̀, omi ti dì nínú kẹ́tùrù. Ẹni tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọnù sí abẹ́ ilẹ̀, òun ni wọ́n gbàgbé lórí ilẹ̀.

Ṣé ó tán síbẹ̀? Rárá o. Gbogbo wa la mọ̀ pé kí ilẹ̀ tó dì la máa ń gbẹ́ sàréè àwọn tí yóò kú nígbà òtútù. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ náà, Vsevolod Lagutin, ní kí wọ́n gbẹ́ ìwọ̀nba. Ó ní àwọn èèyàn ń lọ, ta ló kù tó máa kú? Ikú ò gbọ́ ìkéde rẹ̀. Gbogbo sàréè ti kún, àyàfi ọ̀kan tí wọ́n fi pákó bò ní ìlà iwájú, níbi tí oòrùn ń tàn sí. A lọ sí ọ́fíìsì wọn lọ bẹ̀bẹ̀.

"Ti ẹni iyì nìyẹn, Màmá," ni ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ wí.

"Ta ni ẹni iyì náà? Ó ti kú?"

"Rárá o, Màmá. Ṣùgbọ́n ta ló mọ̀la?"

Prokop ní kí wọ́n fún wa ní èédú, ká fi dáná yọ́ ilẹ̀ tó ti dì, ká gbẹ́ tiwa. Ọmọ náà ní èédú wà fún títà. Mo jáde síta, mo sì ń jowú ihò sàréè tí kò tíì ní òkú.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Lagutin ṣí ilé ohun ìrántí. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ mọ ohun tó wà nínú ẹ̀? Pátákó Kapa ni, tòun ti ìkọ́, tòun ti fìtílà. Ibẹ̀ gbóná débi pé Rimma tó ń tọ́jú rẹ̀ ń fi ìwé fẹ́ ara rẹ̀. Wọ́n ń fi aṣọ múlọ́múlọ́ nu pátákó lójoojúmọ́. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi láyé yìí, èmi Nuriya, mo jowú pákó!

Lagutin dìde, ó ní, "A kì í gbàgbé àwọn tiwa níbí." Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Prokop bá rìn lọ síwájú, ó sì yọ fìtílà kan kúrò lórí ìkọ́.

Rimma figbe ta: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án!"

"Èèyàn kan ò tíì padà," ni Prokop wí.

Gbogbo awakùsà àtijọ́ tó wà níbẹ̀ jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tí kò rí àga jókòó sílẹ̀. Lagutin wo aago ọwọ́ rẹ̀. Prokop ní, "Jókòó, ọ̀gá."

Lagutin rẹ́rìn-ín. Ó dé fìlà rẹ̀, ó wọ mọ́tò, ó sì gba ilé lọ. Òun ni ọ̀gá àkọ́kọ́ ní ìlú wa tó fi ìkọ́ tó ṣófo sílẹ̀ lọ sílé.

Ó yá o. Ta ló ní kí wọ́n ti páìpù náà pa? Ẹ dárúkọ rẹ̀ lójú gbogbo ìlú, kó sì jẹ́jọ́. Ẹ ṣí pákó kúrò lórí sàréè iwájú yẹn, ẹ gbé Kapa síbẹ̀, kí Lagutin fúnra rẹ̀ wá ru igun pósí kan. Prokop ti gbé fìtílà náà fún mi, ó wà lórí tábìlì mi, mo sì tan án. Rimma ti wá lẹ́ẹ̀mejì pé kí n dá a padà. Mo ní kó lọ sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé mo mọ owú jẹ, tó bá ṣeé ṣe kó lọ bi Kapa. Ìkọ́ náà ṣófo. Kí Lagutin padà wá jókòó.